Ibùdókọ̀ Ojú Irin Tí A Fi Páálí Kọ́ ní Kàbà

Ojú irin kankan kò gba ìlú Kàbà kọjá. Kò gba Bùnú, kò gba Ìjùmú, bẹ́ẹ̀ ni kò gba Yàgbà. Síbẹ̀, nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, orúkọ Kàbà ni wọ́n fi pe àgbègbè ńlá kan tí ó kó ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ Ebira, ilẹ̀ Ígálà àti Lọ́kọ́já pọ̀. Báwo ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ tóbi tó báyìí ṣe wà láìgbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin rí? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí. Ìwé ràn mí lọ́wọ́ láti rí ìdáhùn, àwọn àgbà náà sì ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó là mí lójú jù lọ ni ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa fi páálí kọ́, tí ó lè jókòó sórí tábìlì kan.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ ọwọ́ tí èyí jẹ́, nítorí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tọmọdé tàgbà ni wọ́n máa ń tẹ́ ojú irin kékeré sínú ilé wọn. Wọn á fi òkè, odò, igi àti ilé yí i ká, ọkọ̀ kékeré tí iná mànàmáná ń darí á sì máa sáré lórí rẹ̀. Ní ọdún 1891, ilé-iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì gbé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí ó ní irin tirẹ̀ lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún yẹn sọ́kàn, nítorí ọdún 1896 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú irin gidi ní Ìddó, ní Èkó. Èyí ni pé àwọn ọmọ Jámánì kan ti ń fi ojú irin ṣeré nínú yàrá wọn kí irin kan ṣoṣo tó balẹ̀ ní Èkó.

Ní ọdún 1946, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì parí, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Edwin àti Hermann Faller, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Gütenbach ní Jámánì. Ilé kékeré tí ó bá ojú irin ìṣeré mu ni wọ́n ń ṣe. Bí ènìyàn bá ra ibùdókọ̀ lọ́wọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní bá odidi ilé nínú páálí. Ògiri ni yóò bá, fèrèsé, ilẹ̀kùn, òrùlé àti òpó, gbogbo wọn ní ẹyọ ẹyọ pẹ̀lú nọ́ńbà lára, àti ìwé tí ó ń sọ èyí tí a óò kọ́kọ́ lẹ̀. Olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ilé rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi tí ó ń gbé ní Jámánì ni ó fi irú páálí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo wà ní SS1. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ìtàn wa, a sì jọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. A kì í fi ọwọ́ já ẹ̀yà kankan kúrò lára igi rọ́bà tí ó so wọ́n pọ̀, nítorí ó lè ya. Ìgé-èékánná ni a fi ń gé e, a ó sì fi sáǹpépà dán ojú ibi tí a gé. A ó kun ún ní ọ̀dà kí a tó lẹ̀ ẹ́, nítorí kò rọrùn láti kun abẹ́ òrùlé lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró. A ó kọ́kọ́ tò ó wò láìsí góòmù, kí a lè rí i bóyá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé. Góòmù kò gbọdọ̀ pọ̀, ìkán díẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ tó. Òrùlé ni ó máa ń gbẹ̀yìn, bí ó ti ń gbẹ̀yìn ní ilé gidi.

Nígbà tí a parí rẹ̀, ó rẹwà. Olùkọ́ ìtàn wa wò ó títí, ó wá bi wá pé: “Kí ló dé tí òrùlé yìí fi ga ṣóńṣó báyìí? Kí ni ihò èéfín méjì yẹn ń ṣe lórí rẹ̀?” A ronú sí i. Òrùlé ga kí òjò dídì má baà gúnlẹ̀ lórí rẹ̀ kí ó sì wó o. Ihò èéfín wà fún iná tí àwọn èrò ń yá nígbà òtútù. Olùkọ́ wa ní, “Ẹ ti ka ìtàn ibẹ̀ lára ògiri rẹ̀. Tí ẹ bá kọ́ tiwa ńkọ́, kí ni ẹ máa kà níbẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ibi tí a kò lérò. A kò rí páálí kankan tà tí ó ní ibùdókọ̀ ojú irin Nàìjíríà nínú. Bí a bá fẹ́ ní tiwa, a ní láti wọn ọ́n, kí a yà á, kí a gé e fúnra wa. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ilé kékeré gbọ́dọ̀ bi ilé ńlá léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣirò. Òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìdá 87. Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 87 ní ayé gidi di sẹ̀ǹtímítà 1 lórí tábìlì. Ọkùnrin tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 174 yóò di sẹ̀ǹtímítà 2 géérégé. Pèpéle tí ó gùn tó mítà 100 yóò lé ní mítà 1 díẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí tẹ́ gbogbo ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó jẹ́ kìlómítà 193, yóò ṣì gùn ju kìlómítà 2 lọ. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò yìí ni mo tó mọ bí iṣẹ́ àwọn tí wọ́n fi ṣọ́bìrì àti àáké la ọ̀nà náà ti pọ̀ tó.

Ìbéèrè kejì ni ìbú ojú irin, èyí tí í ṣe àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Ibi tí ìtàn gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà fẹ̀ tó mìlímítà 1067. Lórí tábìlì wa, yóò jẹ́ mìlímítà 12 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ìṣeré tí wọ́n ń tà ní òkè òkun ní òṣùwọ̀n yìí fẹ̀ tó mìlímítà 16.5, nítorí ọ̀pọ̀ ojú irin Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 1435. Èyí tí àwọn òyìnbó tẹ́ sí ilẹ̀ wa tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n ń lò nílé wọn lọ. Owó tí wọ́n ń ná sórí irin tín-ín-rín kéré, ó sì rọrùn láti yí ká òkè.

Láti Ìddó, irin yẹn dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún èrò ní ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, àti Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1909. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé àwọn kẹ̀kẹ́ rélùwéè kọjá odò níbẹ̀ títí afárá Jẹ́bà fi parí ní 1916. Ní ọdún 1907 kan náà, ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ ojú irin tirẹ̀ láti Bàrò, létí Odò Ọya, lọ sí Kánò. Percy Girouard, ọmọ Kánádà tí ó ti tẹ́ ojú irin ní Sudan fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń ṣàkóso Àríwá nígbà náà. Irin yẹn dé Kánò ní 1911, ojú irin Èkó sì wá pàdé rẹ̀ ní Mínà. Ní ọdún 1912, wọ́n da méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

Nígbà tí a ya ọ̀nà méjèèjì yìí sórí ìwé, gbogbo wa rí i. Ọ̀nà kan gba ìwọ̀-oòrùn wa kọjá láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní Bàrò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù tí ó gba Lọ́kọ́já gòkè wá. Àárín méjèèjì ni ilẹ̀ Okun wà. A kò jìnnà sí èyíkéyìí púpọ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó yà sọ́dọ̀ wa.

Kí a tó bínú, ó yẹ kí a rántí bí ọ̀nà ti rí ní Kàbà nígbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company tí Goldie ṣe olórí wọn gbéra láti Lọ́kọ́já wá sí Kàbà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Núpé ti pàgọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Núpé ti fi ń kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ Okun lẹ́rú. Kí Goldie tó dé, àwọn Núpé ti kó kúrò ní ìlú. Ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun yẹn fi rìn, orí àwọn aláàárù ni gbogbo ẹrù wọn sì wà. Ní ọdún kan náà, ní Èkó, wọ́n ń tẹ́ irin lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bí irin ti ń gùn lọ níbẹ̀, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù ní ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló wá dé tí irin kò fi yà? Ìdáhùn rẹ̀ hàn kedere nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ibùdókọ̀ wa. Bàbá mi àgbà wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà nígbà èwe rẹ̀, ní kété kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Òun ni a lọ bá. A ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni téṣàn yẹn ṣe rí?” Ó sọ fún wa pé ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn kọ́kọ́ wọ̀ láti Kàbà, tí wọ́n gba Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán kọjá kí wọ́n tó dé Ọ̀fà. Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú bá àwọn níbẹ̀, pèpéle ni àwọn ń sùn sí, olúkúlùkù a gbé orí lé ẹrù rẹ̀. Ó rántí ihò kékeré tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó rántí táńkì omi gíga tí ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi, ó sì rántí egungun irin tí wọ́n fi kọ́, tí wọ́n ń lù bí agogo nígbà tí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kó dé.

Mo bi í léèrè pé yàrá wo ni ó tóbi jù. Kò ronú rárá kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Ilé ẹrù ni. Ilé ẹrù ju ti èrò lọ fíìfíì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù kí òjò má pa á, àwa èrò sì wà níta.”

Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Ojú irin kì í tẹ̀lé orúkọ ìlú, ẹrù ni ó ń tẹ̀lé. Òwú ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń tẹ́ irin lọ sí Kánò, ẹ̀pà ni ó sì wá kún inú rẹ̀. Kòkó àti èkùrọ́ ni irin Èkó ń kó lọ sí etí òkun. Ilẹ̀ Okun ní iṣu, ó ní aṣọ òfì tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun, tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n ẹrù wa kì í ṣe irú ẹrù tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń dúró dè. Nítorí náà, orúkọ wa wọ inú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n irin kò wọ ìlú wa.

A wá kọ́ ibùdókọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ohun tí a gbọ́. Páálí ni a fi ṣe ògiri. Páànù orí òrùlé ni ó le jù. Láti orí òkè ìlà kan dé èkejì lára páànù gidi jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 76, èyí tí kò tó mìlímítà 1 ní òṣùwọ̀n wa. Bí a bá bó ojú páálí wàrà agolo, ìlà inú rẹ̀ tóbi jù. Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kó gílóòbù iná ni ìlà rẹ̀ sún mọ́ra, òun ni a sì lò. Igi ìtayín di òpó bàrándà, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ di igi ìdábùú abẹ́ irin, agolo tòmátò kékeré di táńkì omi. A kò fi ihò èéfín sí i. Dípò rẹ̀, a na òrùlé síta kí ó bo pèpéle, nítorí oòrùn àti òjò ni ọ̀tá èrò níhìn-ín, kì í ṣe òtútù. A jẹ́ kí ilé ẹrù ga ju ilé èrò lọ, a sì to àwọn ènìyàn kékeré sórí pèpéle, tí wọ́n gbé orí lé ẹrù wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1987, nígbà tí Kàbà ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ojú irin tuntun síta láti Itakpe, nítòsí Òkéné, gba Ajaokuta lọ sí Warri. Ilẹ̀ Àgbègbè Kàbà àtijọ́ ni Itakpe wà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi irin yẹn kó? Òkúta tí wọ́n ń yọ́ irin lára rẹ̀ ni, láti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta àti èyí tí ó wà ní ẹ̀bá Warri. Ẹrù tún ni. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni ìjọba tó ṣí i, lẹ́yìn ọdún 33. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè di bàbá tàbí ìyá ọmọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 326, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1435.

Ẹ kíyè sí ìbú yẹn. Bí a bá gbé ọkọ̀ Itakpe sórí irin Ọ̀fà, kò lè rìn. Lórí tábìlì wa, ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 12, èkejì jẹ́ 16.5, ọmọdé pàápàá yóò rí i pé táyà irin wọn kò bára mu. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n irin méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn wà nínú rẹ̀. Ìwé lè sọ èyí fún wa kí a sì gbàgbé. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wò kò ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà. Òkúta ni wọ́n torí rẹ̀ la ọ̀nà Itakpe, ṣùgbọ́n èrò ni ó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti ìyá ọlọ́mọ ń gbà á lọ sí Warri. Àwọn tí kò sí nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti sọ ọ́ di tiwọn, bí bàbá mi àgbà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ pèpéle Ọ̀fà di ibùsùn. Mo gbà pé apá ìtàn ojú irin tí ó jẹ́ tiwa jù nìyí, òun náà ni a kò sì kọ sílẹ̀ tó.

Òbí kan wá wo iṣẹ́ wa, ó ní eré ọmọdé ni, pé ìwé ni ó yẹ kí a máa kà. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ẹbúté Mẹ́ta ní Èkó, ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Legacy ló tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀m̀báyé fún ìtàn ojú irin. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn kò kà á sí eré. Kì í ṣe gbogbo ilé àtijọ́ ni yóò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òmíràn yóò wó, wọn yóò sì ru páànù rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ sínú ìwé nìkan ni yóò kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju téèpù ìdíwọ̀n, pẹ́ńsù àti páálí lọ. Ẹ wá ilé àtijọ́ kan ní ìlú yín: ilé ọjà, ilé ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ààfin. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà pé yàrá wo ni ó tóbi jù, kí ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, àti ta ni ó ń dúró níta. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 dípò 87, kí ẹ kọ́ ọ. Ibùdókọ̀ wa ṣì wà nínú yàrá ìtàn, eruku kò sì gbọdọ̀ bo àwọn ènìyàn kékeré orí pèpéle rẹ̀, nítorí àwọn ni àwọn òbí wa àgbà.